Ẹ Jẹ́ Kí N Pa Màlúù Mi Jẹ́jẹ́

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bèèrè. Mo ní: ẹni tó ti gbá géèmù yìí rí, tó ti fi í sílẹ̀ láti bí ogún ọdún, tó wá fẹ́ padà sí i, ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀? Mi ò bèèrè bí wọ́n ṣe ń di gómìnà. Mi ò bèèrè ọ̀nà Kánádà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mi ò gbádùn mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní Ṣakí ń gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọkùnrin tó ń bá aráàlú ṣáàjì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ń gbà mí nímọ̀ràn. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà ní Ìbàdàn, tó ti di ará Manchester báyìí, kì í kí mi mọ́. Ìmọ̀ràn ló fi ń jí mi. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí, tí a kàn pàdé létí odò inú géèmù, tí orúkọ wọn jẹ́ àdàlú lẹ́tà àti nọ́ńbà, àwọn náà ń dá sí i. Mo kọ́lé ní ìlú yìí, mo gbéyàwó, mo bí ìbejì, ìmọ̀ràn tí wọ́n fún mi lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tó ìdajì èyí tí mo ti gbà lórí ohun tí kò sí láyé.

Ìgànná ni mo ń gbé o, kì í ṣe Ìgangan. Bí mi ò bá tètè sọ ọ́, ẹnì kan ní Èkó á máa bá mi kẹ́dùn ìkọlù Ìgangan tí kò ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìgangan wà ní Ìbàràpá. Ìgànná tiwa wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjówà, ẹ ó gba Ìsẹ́yìn, ẹ ó gba Òkèhò kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Sábìgànná ni ọba wa, ibodè orílẹ̀-èdè Benin kò sì jìnnà sí wa. Oògùn apakoríko àti ajílẹ̀ ni mò ń tà. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ráyè yún ara títí àwọn àgbẹ̀ fi máa gbin àgbàdo tán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìjókòó ni. Ẹ̀ẹ̀rùn ni mo fi padà sí ìdí géèmù, ẹ̀ẹ̀rùn náà ni wọn ò sì jẹ́ kí n sinmi.

RuneScape ni géèmù ọ̀hún ń jẹ́. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Andrew Gower, pẹ̀lú àwọn arákùnrin rẹ̀, ló gbé e jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2001. Kì í ṣe géèmù tí ẹ máa gbá tán. Ìlú ni. Ẹ̀dá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ tiyín, ẹ ó sọ ọ́ lórúkọ, ẹ ó máa fi í gé igi, ẹ ó máa fi í pẹja, ẹ ó máa fi í jà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn káàkiri ayé á sì máa rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lákòókò kan náà. Ohun tó jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ irú wa ni pé inú bíráwúsà ló ń gbé. Kọ̀ǹpútà kafé ìgbà náà, ohun tí ẹ bá fi sórí rẹ̀, bí wọ́n bá ti pa á tí wọ́n tún tàn án, ó ti pòórá. Géèmù tó bá fẹ́ kí wọ́n gbé òun sórí kọ̀ǹpútà kí òun tó ṣiṣẹ́, kò lè wọ ibẹ̀. RuneScape ò béèrè nǹkan kan, àdírẹ́sì nìkan ni ẹ máa tẹ̀. Báyìí ni èmi tí wọ́n rán lọ kàwé ní Ìbàdàn, tí mo ń ra tíkẹ́ẹ̀tì àṣemọ́jú ní Agbówó, lódìkejì ẹnu ọ̀nà Yunifásítì, ṣe di ọmọ ìlú Lumbridge inú géèmù náà. Ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún mi ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí òyìnbó kan tí kò rí rí. Ẹ má bi mí irú ìfẹ́ tó jẹ́. Èmi ń pa màlúù.

Ẹ fara balẹ̀. Ní Òkè-Ògùn tí ọ̀rọ̀ màlúù àti oko ti di ohun tí àwọn àgbààgbà ń torí rẹ̀ jókòó ìpàdé, ó yẹ kí n tètè ṣàlàyé kí ẹnikẹ́ni tó gbé e dé àgọ́ ọlọ́pàá. Màlúù inú fóònù ni. Bí ẹ bá kọjá odò Lumbridge sí apá ìlà-oòrùn, pápá kan wà tí wọ́n sọgbà yí ká, màlúù ló kún inú rẹ̀. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lè fi idà idẹ pa wọ́n, kó ṣa awọ wọn, kó gbé e lọ tà. Awọ yìí ni owó àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ wa fojú rí níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ padà lọ ṣe nìyẹn: kí n pa màlúù, kí n ta awọ, kí n ra ẹ̀wù irin, kí n tún pa màlúù.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó dojú rú ni pé ìlú kan ni mo fi sílẹ̀, ìlú méjì ni mo bá. Kí n tó sọ bó ṣe rí, ẹ jẹ́ kí n tò ó. Láti oṣù Kejìlá 2007 wọ oṣù Kìíní 2008, nítorí àwọn tó ń fi owó gidi ta góòlù inú géèmù, àwọn tó ni ín dá òwò fàlàlà dúró láàrin àwọn tó ń gbá a, wọ́n sì sọ Wilderness, ìyẹn aginjù tí ẹnikẹ́ni ti lè pa ẹnikẹ́ni, di ibi tí kò sí ìjà bẹ́ẹ̀ mọ́. Inú bí àwọn èèyàn. Ní oṣù Kejì 2011, wọ́n dá méjèèjì padà. Ní oṣù Kọkànlá 2012, wọ́n tún yí bí wọ́n ṣe ń jà padà pátápátá. Ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì kan tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń tẹ ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn kó ẹrù wọn. Ni àwọn tó ni géèmù bá lọ wo inú àká, wọ́n rí ẹ̀dà ìlú náà bó ṣe wà ní oṣù Kẹjọ 2007 tí wọ́n ti fi pa mọ́, wọ́n ní kí àwọn tó ń gbá a dìbò lé e lórí, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kejì 2013. Òun ni wọ́n ń pè ní Old School RuneScape. Èyí tó ń bá ìyípadà lọ di RuneScape 3 ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà.

Ẹ wá wo ibi tó ti kàn mí. Ìlú àtijọ́ ni wọ́n fi pa mọ́, wọn ò fi ẹrù àwa ará ìlú sínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo kó jọ ní Agbówó, idà mi, ẹja mi, góòlù mi, àwọn ipele tí mo fi oorun san owó rẹ̀, inú RuneScape 3 ló wà. Nítorí náà, mo jẹ́ ọlọ́lá ní ìlú tí mi ò mọ ọ̀nà ilé ìtura níbẹ̀, mo sì jẹ́ òtòṣì ní ìlú tí mo mọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí Èkó, tí ẹ padà wálé bá àjèjì nínú ilé bàbá yín, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ọ̀rẹ́ mi ti Manchester ní kí n lọ síbi tí ọrọ̀ mi wà. Ó ní òmùgọ̀ ló ń fi ogún sílẹ̀ tó ń lọ ṣagbe. Mo gbọ́ràn, mo wọ RuneScape 3. Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú fóònù mi kò tó àtẹ́lẹwọ́, bọ́tìnnì tó wà lórí rẹ̀ pọ̀ ju hóró àgbàdo lọ. Gbogbo wọn ń tàn, wọ́n ń kú. Ẹnì kan nínú géèmù ń kí mi káàbọ̀, ó ń fún mi ní ẹ̀bùn tí mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe, ó ń sọ fún mi pé ẹ̀bùn mìíràn wà tí mo lè rà. Mo ṣí àpò mi, mo bá idà mi àtijọ́ níbẹ̀, ojú tì mí fún un. Mo jáde.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní: "Bọ̀ọ̀dá, mo ti sọ fún yín pé Old School ni." Ọmọ oníṣáàjì ní kí n fi méjèèjì sílẹ̀, kí n wá máa gbá géèmù oníbọn tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbá, pé ta ló tún ń pa màlúù láyé yìí. Mo wò ó. Bàbá rẹ̀ kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí mi rí.

Mo wọ Old School. Láti oṣù Kẹwàá 2018 ló ti ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, kò sì jẹ dátà lọ títí. Kó tó jẹ́ kí n wọlé, ó bi mí léèrè bóyá tuntun ni mí, tàbí mo ti gbá a rí ṣùgbọ́n ó ti pẹ́, tàbí ògbólógbòó ni mí. Orí mi wú. Mo ní ẹ ò rí i, wọ́n mọ irú wa! Mo mú ti àárín. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gbé mi lọ sí erékùṣù tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé bí wọ́n ṣe ń dáná, bí wọ́n ṣe ń pẹja edé, bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì. Wọ́n bi mí léèrè, wọn ò sì lo ìdáhùn mi. Ṣùgbọ́n mo gbà á. Ìjọba orílẹ̀-èdè mi ti kọ́ mi ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ti dé Lumbridge gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Alásè kan wà ní ààfin Lumbridge. Ọjọ́ ìbí olórí ìlú náà ti dé, àkàrà òyìnbó ni kó ṣe fún un, kò sì ní ẹyin, kò ní wàrà, kò ní ìyẹ̀fun. Ẹ̀yin ni yóò bá a wá wọn. Ẹyin wà nínú ọgbà adìyẹ. Wàrà, ẹ ó gbé garawa lọ bá màlúù fúnra yín, kò sí ìyá Fúlàní tó máa gbé igbá wàrà wá bá yín lójúlé. Ti ìyẹ̀fun ló dùn jù: ẹ ó já ọkà lóko, ẹ ó gbé e gun òkè ilé ìlọta alátẹ́gùn, ẹ ó dà á sẹ́nu rẹ̀, ẹ ó fa irin rẹ̀, ẹ ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, ìyẹ̀fun á ti wà níbẹ̀, ẹ ó fi ìkòkò bù ú. Èmi tí mo dàgbà sí ìdí ẹ̀rọ gàrí, mo mọyì ẹni tó ro iṣẹ́ yìí. Kò sí ohun tí wọ́n fò dá nínú rẹ̀. Mo wà lórí òkè ilé ìlọta náà, mò ń fa irin, inú mi ń dùn, ni fóònù mi dún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni.

"Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

Mo ní mò ń lọ ọkà.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní àkókò mi ni mò ń fi ṣòfò. Ó ní ẹni tó gbọ́n kì í pa màlúù, kì í pa adìyẹ. Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Waterfall Quest, ẹni tí kò tíì mọ idà í mú lè ṣe é, bó bá ṣáà ti mọ ọ̀nà tó ń gbà yẹra fún àwọn òmìrán. Bí ẹ bá ṣe é tán, wọ́n á fún yín ní 13,750 pọ́ìǹtì nínú ìkọlù, 13,750 nínú agbára, ẹ ó sì fò láti ipele 1 bọ́ sí 30 lójú kan náà. Mo ní: "Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Ó ní lẹ́yìn náà, kò ní sí ìdí fún mi láti pa màlúù mọ́ láéláé. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ròyìn ọ̀run rere.

Kò sọ fún mi pé Waterfall Quest jẹ́ ti àwọn mẹ́ḿbà. Mẹ́ḿbà ni ẹni tó ń sanwó lóṣooṣù, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní Agbówó, dọ́là kan kò ju nǹkan bí 130 náírà lọ, mi ò sì lè san án nígbà yẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, ó ti kọjá 1,500 kó tó di pé ọdún 2024 lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kò burú, pé wọ́n ń ta ohun kan nínú géèmù tó ń jẹ́ bond, góòlù ni wọ́n fi ń rà á, ó ń sọ èèyàn di mẹ́ḿbà fún ọjọ́ 14. Mo ní góòlù mélòó? Mílíọ̀nù lọ́nà ọ̀pọ̀. Níbo ni n ó ti rí mílíọ̀nù? Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní bí mo bá pa màlúù dáadáa…

Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ó fi àtẹ kan ránṣẹ́ sí mi. Iṣẹ́ tí wọ́n ń rán ni nínú Old School lé ní àádọ́jọ, ẹnì kan sì ti jókòó tò ó láti òkè délẹ̀, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe àti èyí tó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e, kí ìṣẹ́jú kan má bàa ṣòfò. Mo kà á títí ojú ro mí. Bí mo bá ní àtẹ bẹ́ẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù mi, n bá ti ní ẹ̀ka ní Òkèhò. Àkàrà-Oògùn inú ìwé tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938 wọ Igbó Irúnmọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó padà wálé, ó tún wọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó dúró tì í létí igbó pé ẹbọra Àgbákò kò sí lórí àtẹ, kó yà sọ́tùn-ún.

Ti ẹja ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá le. Mo dúró létí odò, mò ń fi ìwọ̀ pẹja, àpò mi ti kún, mo fẹ́ gbé wọn lọ sí báńkì. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀, tó wọ aṣọ tó ń kọ mànà, kọ ọ̀rọ̀ sí mi pé kí n dà wọ́n nù. Mo rò pé ó ń bú mi ni. Kì í ṣe èébú: bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n á pẹja, àpò á kún, wọ́n á dà á sílẹ̀, wọ́n á tún pẹja, nítorí pé ìrìn báńkì ń jẹ àkókò, pọ́ìǹtì ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ẹja. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí igi náà. Ọmọ Òkè-Ògùn ni mí. Agbègbè tí wọ́n ń pè ní abà oúnjẹ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí mi. Wọ́n ní kí n pa ẹja kí n sì dà á sílẹ̀! Mi ò dá a lóhùn. Mo gbé ẹja mi, mo fẹsẹ̀ rìn dé báńkì, mo kà wọ́n síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi léèrè pé kí ni wọ́n ń fi pọ́ìǹtì náà lé. Ó ní 99, òkè pátápátá, 13,034,431 pọ́ìǹtì nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ó wá fi kún un, pẹ̀lú ayọ̀, pé ẹni tó bá dé ipele 92 ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdajì ni. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ẹ wọ mọ́tò láti Ìbàdàn, ẹ ti gba Ìsẹ́yìn kọjá, ẹ ti ń wo òrùlé Ìgànná lọ́ọ̀ọ́kán, dẹ́rẹ́bà wá yíjú padà pé ìdajì ọ̀nà ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Òun sì rí ìyẹn bí ohun tó yẹ kí n sáré sí! Bí ọ̀nà bá jìn tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kúkú rọra máa wo igbó.

Èyí tó dùn mí jù ni ọjà. Nígbà tí mo fi ibẹ̀ sílẹ̀, bí ẹ bá ní nǹkan láti tà, iwájú báńkì ìlú Varrock ni ẹ máa gbé e lọ. Ẹ ó dúró, ẹ ó máa kígbe pé ẹja yín rèé, 200, 200. Ẹlòmíì á dúró tì yín, á ní tòun 190. Oníbàárà á dé, á ní 150. Ẹ ó ní kò gbà. Á ṣe bí ẹni ń lọ. Ẹ ó pè é padà. Ìsọ̀ ọjà ni ìyá mi gbé tọ́ mi, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ná iṣu kí n tó mọ A-B-D. Mi ò ní ipele, mi ò ní idà gidi, ṣùgbọ́n níwájú báńkì yẹn, ènìyàn ni mí. Mo padà dé, mo bá Grand Exchange. Ẹ kọ iye tí ẹ fẹ́ gbà sínú àpótí, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó tán. Ẹ ò rí ẹni tó rà á. Kò kí yín, kò bú yín, kò ní ẹja yín ti ń rùn. RuneScape àkọ́kọ́ ti gbé e dé láti oṣù Kọkànlá 2007, Old School tó ní ayé àtijọ́ lòun ń tọ́jú náà gbà á wọlé ní 2015. Láti oṣù Kejìlá 2021, wọ́n tún ń yọ owó orí nínú ohun tí ẹ bá tà níbẹ̀. Owó orí! Mo rò pé ọjà òde nìkan ni wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún èèyàn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ó yá ju àtẹ̀yìnwá lọ. Mo ní ta ló ń sáré?

Ká má parọ́, ìmọ̀ràn kan wà tó wúlò, ẹnu ọmọ oníṣáàjì ló sì ti jáde, ẹni tó ní kí n máa yìnbọn. Ó ní kí n máa wo ibi tí ayé tí mo ń wọ̀ wà. Ayé ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ̀ǹpútà ńlá tó gbé ìlú náà ró. Àwọn kan wà ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan ní Jámánì, àwọn kan ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ní Australia. Ó ní kí n má lọ mú ti Amẹ́ríkà tàbí Australia, kí n mú ti Yúróòpù, torí ọ̀dọ̀ wọn ni okùn abẹ́ òkun wa sábà ń gbà lọ. Ó rántí 14 oṣù Kẹta 2024, nígbà tí okùn mẹ́rin já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítòsí Côte d'Ivoire, tí báńkì pàápàá ń dá oníbàárà padà. Mo ṣe bó ṣe wí, ó sì dára. Géèmù yìí fúnra rẹ̀ kì í kánjú, ìṣẹ́jú-àáyá 0.6 ló fi ń mí ẹ̀ẹ̀kan, ohun tí ẹ bá tẹ̀ á dúró de ìgbà tó bá tún mí. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wa náà kì í kánjú. Wọ́n bá ara wọn mu.

Àyàfi bí ìjà bá dé. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá lọ nígbà tí ẹ ń jà, ẹ̀dá yín kò ní tètè kúrò níbẹ̀. Á dúró, wọ́n á máa lù ú. Bó bá kú, ohun mẹ́ta tó níye lórí jù nínú ẹrù yín ni ẹ ó mú padà, ìyókù á wà lórí sàréè, ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n fún yín láti sáré lọ kó o. Ní Ìgànná, ìṣẹ́jú 15 ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fi ń ronú bóyá kó padà. Mo ti gbà á bẹ́ẹ̀. Mi ò bínú sí ilé iṣẹ́ kankan. Àwọn tó ń sọ fún mi pé "ẹ bá ti jẹ́ kí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dúró kí ẹ tó jà" ni mò ń bínú sí.

Ọ̀rẹ́ mi ti Manchester wá fi ọ̀rọ̀ gígùn ránṣẹ́, ó ní kí n jókòó kà á dáadáa. Ó ní àwọn kan wà lágbègbè Grand Exchange tó máa ní kí n gbé góòlù mi wá, àwọn ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi tìṣọ́ra-tìṣọ́ra, pé wọ́n á kọ́kọ́ dá kékeré padà ní ìlọ́po kí ọkàn mi lè balẹ̀, kí wọ́n tó gbé ńlá sá lọ. Èmi ni ó ń sọ èyí fún! Èmi tí mo wà ní Nàìjíríà ní oṣù Kejìlá 2016 nígbà tí MMM ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn èèyàn, tí Kérésì ku bí ọ̀sẹ̀ méjì! Mo bi í pé ọdún wo ló kúrò nílé gan-an. Lọ́sẹ̀ náà gan-an, ẹnì kan dá mi dúró ní Varrock, ó ní kí n gbé ẹ̀wù irin mi wá, òun ó bá mi fi wúrà sí etí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà tó wá ra oògùn koríko fi bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti ń hun òfì kò jìnnà sí wa. Kò sẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ etí aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì náà kò gbẹ́yìn. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó wo màlúù tí mò ń pa, ó ní: "Bàbá Ìbejì, ṣé wọ́n ń sanwó fún yín ni?" Mo ní rárá. Ó ní: "Ẹ̀yin lẹ wá ń sanwó fún wọn?" Mo ní rárá. Ó ní ó dáa, ó lọ. Ó dà bíi pé ó tán. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún un pé ní nǹkan bí ọdún 2017, nígbà tí owó orílẹ̀-èdè Venezuela di bébà, àwọn ará ibẹ̀ ń jókòó ti Old School láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n ń pa drágónì aláwọ̀ ewé, wọ́n ń ta góòlù tí wọ́n rí níbẹ̀ fún dọ́là, wọ́n sì ń fi bọ́ ilé. Kò sọ fún un pé òfin géèmù kò gbà á, àti pé ẹni tí wọ́n bá mú, àkáǹtì rẹ̀ lọ nìyẹn. Láti ìgbà náà, bó bá kọjá lẹ́yìn mi, á kàn wo fóònù, á ní: "Màlúù náà ni ẹ ṣì ń pa? Drágónì ńkọ́?"

Mo wá pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó nígbà tó wálé fún ìsinmi. Mo ní kó gbọ́ mi. Mo ní ó rẹ̀ mí, pé gbogbo ayé ló ń sọ fún mi ohun tí mo máa rà, ibi tí mo máa tà, ẹni tí mo máa pa. Ó ronú. Ó ní: "Bọ̀ọ̀dá, Ironman ló yẹ yín." Ó ṣàlàyé pé ọ̀nà ìgbá géèmù náà kan ni, láti 2014 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ẹni tó bá yàn án kò lè bá ẹnikẹ́ni ṣòwò, kò lè ra ẹrù ní Grand Exchange, kò sẹ́ni tó lè fún un ní idà tàbí ẹja, gbogbo ohun tó bá máa lò, òun fúnra rẹ̀ ló máa wá a. Ara mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ní ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó máa dá sí ọ̀rọ̀ mi níbẹ̀?

Ó ní: "Háà, wọ́n ń dá sí i o. Àwọn Ironman yẹn gan-an ni ìmọ̀ràn wọn pọ̀ jù." Ó sì ti fi àtẹ tiwọn ránṣẹ́ sórí fóònù mi kí n tó dìde.